Ẹ̀kọ́ kóòṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ l'Ábẹ́òkúta: ẹ̀sìn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, bọ́ọ̀lù ni

Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń bi mí: "Ṣé wọn ò fi dandan mú ẹ ṣe ìgbàgbọ́?" Kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá bọ́ọ̀lù tó wa gbá. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni ò fi dandan mú mi. Bọ́ọ̀lù ò sì tó.

Ìmàle ni mí, ọmọ Kéésì. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ìwé aládàáni kan lápá Ọbańtókò. Háńdíbọ́ọ̀lù ni mo gbá ní sẹ́kọ́ńdírì kí orúnkún mi tó yẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gba NCE, ni ilé ìwé bá fi fèrè kọ́ mi lọ́rùn. Ọ̀gá wa ló ní kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì wá, torí àwọn òbí ti ń fẹ́ mọ irú ẹni tó ń lé ọmọ wọn yíká pápá. Mo wo èyí tó sún mọ́ mi jù, mo rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó jẹ́ ti ìjọ: ẹ̀kọ́ ọdún kan, ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, pẹ̀lú àkókò ìsinmi. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn tó ṣì wà lórí àga níbẹ̀, oore tí wọ́n sì ṣe mí kò kéré. Ẹni tó bá mọ Ábẹ́òkúta lè fojú inú yà á: orí òkè, àpáta lẹ́yìn, ilé àdúrà níwájú, pápá nísàlẹ̀ níbi tí omi òjò ń dárogún sí.

Ìyá mi àgbà ló kọ́kọ́ fárígá. Ó ní kí n má lọ jẹ́ kí wọ́n rì mí bọmi. Bàbá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Màámi, ilé ìwé wo ni Abíọ́lá lọ?" M.K.O. Abíọ́lá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Kútọ̀, ìmàle ni títí ó fi kú, Baptist Boys' High School ló sì ti jáde. Òun ló ni Abiola Babes, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba Challenge Cup, ife gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, ní 1985, tó tún padà gbà á ní 1987. Màmá ní Abíọ́lá lówó, pé ẹni tó lówó kò ṣeé rì bọmi. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ná. Ìsìn òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń ṣáájú kíláàsì, gbogbo wa la sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ. Àwa ìmàle máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. A kì í kọrin, a kì í kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fojú burúkú wò wá. Kíláàsì ọjọ́ Jímọ̀ kọ́kọ́ kọlu ìrun wa. Ọ̀gá ẹ̀ka gbọ́, ó sún un sí aago mẹ́ta, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà àwẹ̀ ọdún 2025, tó bọ́ sí oṣù Kẹta, tí oòrùn Ábẹ́òkúta ń ta ènìyàn láti òkè, tí àpáta náà tún ń ta á láti ilẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ orí pápá lọ sí ìrọ̀lẹ́, kó lè jẹ́ pé bí a bá ti parí, ìṣínu ló kù. Olùkọ́ wá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Ó ní kí kálukú kọ ètò ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọ tó ń gbààwẹ̀: kí eré àsápajúdé dín kù, kí iṣẹ́ tó ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọgbọ́n pọ̀ sí i, kí èyí tó bá le jù súnmọ́ àsìkò ìṣínu tàbí kó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí kóòṣì má sì pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ. Ẹ wò ó, àwọn onígbàgbọ́ inú kíláàsì ló kọ tiwọn dáadáa jù wá lọ. Àwa ìmàle gbà pé a ti mọ̀ ọ́n, a kọ ọ́ gbàùgbàù.

Àlùfáà ilé ìwé náà fẹ́ràn ìtàn eré ìdárayá ju bí mo ṣe rò lọ. Òun ló sọ fún wa pé inú gbọ̀ngàn YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígbàgbọ́, ni eré méjì tí gbogbo ilé ìwé wa ń gbá ti jáde. James Naismith dá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀ ní Springfield, l'Amẹ́ríkà, ní 1891, apẹ̀rẹ̀ èso ló kọ́kọ́ fi ṣe àwọ̀n. William Morgan dá fólíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Holyoke ní 1895. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó tù mí lára jù ni pé Naismith tó dá eré sílẹ̀, nígbà tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Yunifásítì Kansas, àdánù rẹ̀ pọ̀ ju ìṣẹ́gun lọ: ó borí nígbà 55, wọ́n nà án nígbà 60. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá fẹ́ lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó sọ ti Eric Liddell náà, ará Scotland tó kọ̀ láti sá 100m ní Olympics Paris ọdún 1924 torí pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ sí. Ó lọ sá 400m, ó gba góòlù ní ìṣẹ́jú àáyá 47.6. Lẹ́yìn náà ó ṣe míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1945 nínú àgọ́ tí àwọn ará Japan sé wọn mọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ìtàn náà wàásù ni. Ọ̀kan lára wa nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí wọ́n bá wá fi ìdíje àwọn ọmọ wa sí ọjọ́ Àìkú ńkọ́?" Àlùfáà ronú díẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò yan ọ̀rọ̀ náà fún Liddell, kí a má ṣe bá ọmọ yàn án, kí a lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ àti òbí rẹ̀ kí a tó kọ orúkọ sílẹ̀. Ìdáhùn tí mò ń retí kọ́ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi.

Ibi tí ẹ̀sìn ti fẹ́ dí wa lọ́wọ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣòkòtò. Òfin ilé ìwé náà kò fàyè gba obìnrin kó wọ ṣòkòtò rìn nínú ọgbà. Ìborí tèmi kò dá wọn láàmú rárá (FIFA ti fọwọ́ sí ìborí láti 2014, FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, sì fọwọ́ sí i ní 2017), ṣòkòtò àwọn arábìnrin tiwọn ló ń bí wọn nínú. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ fi síkẹ́ẹ̀tì kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fò kọjá ìdènà? Ohun tí a ṣe ni pé a ó wọ ṣòkòtò eré sábẹ́, a ó ró ìró lé e láti ẹnu géètì. Bí a bá dé etí pápá, a ó tú ìró, a ó ká a, a ó fi ṣe òpó góòlù. Kóònù ilé ìwé ò tó, nítorí náà àwọn ọkùnrin ló wá ń bẹ̀ wá kí á tètè dé. Mo ní àdìrẹ Ìtòkú kan tí bọ́ọ̀lù gbá mọ́ ẹrẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi yàtọ̀ sí bí mo ṣe rà á.

Ọ̀rọ̀ ti dé orí bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Olùkọ́ tó dára jù níbẹ̀, obìnrin tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, Màmá Pápá la ń pè é. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò máa ń wá ní Sátidé kí a lè fi wọ́n dánra wò. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí wọn, gbogbo wa ti múra láti pariwo. Màmá gbé abọ́ rọ́bà kan jáde, ó gba fèrè gbogbo wa síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ fún mi ní fèrè, ẹ mú ìwé àti bírò." Ó pín ọmọ kọ̀ọ̀kan fún wa láti wò. Òun fúnra rẹ̀ wá darí àwọn ọmọ náà bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é: ó tò wọ́n sórí ìlà gígùn, bọ́ọ̀lù kan níwájú ìlà, ọmọ á sáré wá, á gbá a, á padà sẹ́yìn.

Èmi wo ọmọbìnrin kan tó lè máa tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó wọ bàtà ilé ìwé dúdú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa ìlà sínú ìwé nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan bọ́ọ̀lù. Kò tó nǹkan. Ó dúró sórí ìlà, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ yàwòrán sílẹ̀, ó bá ẹni iwájú rẹ̀ ṣeré ọwọ́, ó wo ẹyẹ. Nígbà tó bá kàn án, ó sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìtara, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà lọ dúró. Nígbà tí Màmá ní kí a ka ìlà inú ìwé wa jáde, ojú tì wá díẹ̀ fún ara wa, torí gbogbo wa mọ̀ pé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Kò bá wa wí. Ó kàn ní, "Ó ti rẹ̀ wọ́n tán, ṣùgbọ́n ìdúró ló rẹ̀ wọ́n."

Lẹ́yìn náà ló pín àwọn ọmọ náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, pápá kékeré, góòlù kékeré, kò sí ìlà, kò sí ọmọ tó dúró. Ẹ ó rí i pé ọmọbìnrin oníbàtà dúdú yẹn kò wo ẹyẹ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìlà tí mo fà ti kún ojú ìwé. Mo tún rí ohun tí mi ò bá má rí láéláé lórí ìlà gígùn: ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, ó sì máa ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Fún ohun kan yìí nìkan, mo gbà pé owó mi kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i. Bí a bá pín ọmọ sí mẹ́rin-mẹ́rin, bọ́ọ̀lù mélòó la fẹ́? Ẹ̀kọ́ tó dára jù ní ilé ìwé yìí, ẹ̀kọ́ tó ń jẹ bọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ló sì wà nínú yàrá ohun èlò, ọ̀kan nínú wọn kì í gba afẹ́fẹ́ dúró. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń lọ síbi ìnáwó ní Sátidé. Ní àwọn Sátidé tí ìnáwó bá wà, a ó fi bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ tí a fi owó ara wa rà ní Kútọ̀ ṣiṣẹ́, tàbí èyí tí a fi àkísà àti fóòmù rán. Màmá sọ pé fẹ́lẹ́lẹ́ máa ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìwà pẹ̀lẹ́, òótọ́ ni. Kò sì yẹ kí ẹni tó san owó ilé ìwé máa ran bọ́ọ̀lù. Àwọn kan nínú wa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pátápátá. Èsì tí a rí gbà ni pé wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ra àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun sínú ilé àdúrà, mo rí wọn pẹ̀lú ojú mi láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, wọ́n dára gan-an. Ẹ̀bùn ọmọ ìjọ kan ni, wọ́n ní. Kí Ọlọ́run ta ọmọ ìjọ míì jí fún bọ́ọ̀lù.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n dá kíláàsì dúró, Màmá kó wa lọ sí Kútọ̀. Ó ní kí a má wo eléré, kóòṣì ni kí a wò. Ìyà ńlá ni! Àwọn ènìyàn ń sáré kọjá níwájú wa, gbogbo pápá ń hó, àwa ń wo àwọn bàbá tó dúró sétí pápá. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan. Mo rí kóòṣì kan tó ń pariwo mọ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ìje tán, ọmọ náà ń wá ibi tó máa dì mú, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rí òmíràn tó kọ́kọ́ fún eléré tirẹ̀ ní omi, ó bá a rìn lọ rìn bọ̀, kò la ẹnu títí èémí ọmọ náà fi padà sípò, lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn bíi méjì sí i létí, ọmọ náà sì mi orí. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń dúró lọ, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ètò ìmúra tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+ ni mo mú lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì gan-an: nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ fún eré wọ́ọ́rọ́, mẹ́wàá fún agbára, fífò àti ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan, méjì fún eré tó yá. Kò ná ọ̀gá ilé ìwé ní kọ́bọ̀. Èyí tó kàn mí jù ni bí a ṣe ń balẹ̀ láti òkè. Wọ́n ní kí a fò, kí a balẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo orúnkún wa láti iwájú. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wọ inú bíi pé wọ́n fẹ́ kí ara wọn, ewu wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló sì ń ṣe jù, ó wà lára ìdí tí okùn inú orúnkún fi ń já mọ́ wọn lára ju ọkùnrin lọ. Mo balẹ̀, orúnkún mi wọ inú. Ọ̀rẹ́ mi tó ń wò mí ní, "Ìyá Kóòṣì, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń balẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù?" Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó wò ó nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ wa ní bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Samuel Okwaraji, tó ṣubú lórí pápá ní Surulere ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, tí kò dìde mọ́. Àwọn àgbà inú kíláàsì wa rántí ọjọ́ náà, yàrá pa lọ́lọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí á má sunkún, kí á wá kọ́ ohun tí a máa ṣe: títẹ̀ ọgbọ̀n, èémí méjì, kí ó wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ó má ju mẹ́fà lọ, kí ó yá tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọn ò ní ọmọlangidi tí wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, fóòmù tí wọ́n dì sínú àpò ìrẹsì ni. A ò mọ bí 110 ṣe yá tó. Ni nọ́ọ̀sì bá ránṣẹ́ pe ọmọ tó ń lu ìlù ní ilé àdúrà, ó ní kó máa lù ú fún wa bí àwọn ṣe ń lù ú nígbà ìyìn. Ọmọ náà lù ú, a sì ń tẹ àpò ìrẹsì lọ, gbogbo wa ń làágùn. Ó rẹni ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìlù yẹn kò kúrò lórí mi, bí mo bá ń gbọ́ ọ ní ilé ìjọsìn kan lójú ọ̀nà, apá mi máa ń mọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìwà nínú eré ni mo rò pé ó máa jẹ́ ìwàásù, òun ló sì fa àríyànjiyàn jù. Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pọ́ọ̀lù, tó bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ̀rọ̀ sáréje àti adé tó ń rọ. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ohun tó ń sọ dáadáa, torí ẹ̀bá ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Isthmia ní ọdún méjì-méjì, ewé ni wọ́n sì ń fi ṣe adé fún ẹni tó bá borí. Láti ibẹ̀ ló fò sórí ọjọ́ orí. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, tí Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ibi tí wọ́n ti gbá a, ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń purọ́. Ó wá béèrè lọ́wọ́ wa pé mélòó nínú wa ni òbí ti bẹ̀ pé kó bá òun dín ọjọ́ orí ọmọ kù. Ọwọ́ tó nà sókè pọ̀. Tèmi wà níbẹ̀. Bàbá kan ti bá mi rí, ó ní, "Àǹtí, ọdún méjì péré ni, ẹ ṣàánú wa."

Olùkọ́ kò fi iná ọ̀run dẹ́rù bà wá. Ó ṣàlàyé pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà kí egungun ọ̀kan ti dàgbà ju ti èkejì lọ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Pé èyí tó tètè ga ni kóòṣì máa ń mú. Pé àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń mú, torí wọ́n fi oṣù mélòó kan dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, bí a bá dín ọjọ́ orí ọmọ kan kù, ọmọ míì tó kéré lóòótọ́ ni a gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ yẹn kì í sì wá bẹ ẹnikẹ́ni, ilé ló máa ń lọ jókòó. Ọkùnrin kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan l'Àdìgbẹ̀ dìde, ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, pé ẹni tó bá ṣòótọ́ ló máa pàdánù. Wọ́n jà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò rò pé wọ́n yí i lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n èmi ti mọ ohun tí mo máa sọ fún bàbá yẹn tó bá tún dé.

Ìwé ẹ̀rí wọn ńkọ́? Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti la ojú. Bó bá jẹ́ ilé ìwé lẹ ti fẹ́ máa kọ́ ọmọ, tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ní àdúgbò, ó tó yín, àwọn ọ̀gá ilé ìwé sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rí ara yín lórí bẹ́ǹṣì ní líìgì ńlá ilẹ̀ wa, èyí tí Remo Stars, àwọn ará Ìkẹnnẹ́ nítòsí wa, gbà ní sáà 2024/25, kò lè gbé yín débẹ̀. Ìwé àṣẹ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, láti D lọ sí C, sí B, sí A, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ló sì ń ṣètò rẹ̀ nílẹ̀ wa. National Institute for Sports tó wà ní Surulere ni ẹni tó fẹ́ eré míì yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù lè wò. Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù fún wa kò sọ èyí kedere. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú kíláàsì wa rò pé òun máa fi ìwé náà wọ ẹgbẹ́ ńlá, ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí a parí ló tó mọ̀. Ó dun gbogbo wa. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìn-ín-ní fọ́ọ̀mù náà.

Owó wọn, mi ò ní kọ iye rẹ̀ torí ó ń yí padà lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n olùkọ́ aládàáni kò lè fi owó oṣù kan san án. Èmi dá èsúsú, mo bẹ ìyá alájọ kí n kọ́kọ́ kó. Owó ńlá yẹn kì í ṣe ẹlẹ́tàn, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn kéékèèké tó ń tẹ̀lé e ló ń jẹni lára: owó káàdì, owó ìdàgbàsókè, owó ìwé àkọsílẹ̀ tí kò ju ìwé tí wọ́n dà kọ lọ. Aṣọ eré tí a sanwó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí a ti parí iṣẹ́ orí pápá ló dé, tèmi sì gba ènìyàn méjì. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní wàhálà. Ìyá kan ń ta láfún àti ewédú lẹ́nu géètì, ó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà ní Sátidé, ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ìsìn tó jáde, torí àwọn akọrin máa ń jẹ ẹran tán. Ọ̀nà ibẹ̀, tákísí kì í gun òkè náà tán nígbà òjò, ọ̀kadà ló kù.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màmá Pápá àti nọ́ọ̀sì nìkan tó márùn-ún. Yàrá ohun èlò ló fa ìyókù wálẹ̀. Fọ́ọ̀mù máa ń jáde lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka, ẹ má ṣe sanwó fún ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbà á kíákíá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú ìró tí ẹ kò fẹ́ràn dání. Ẹ mú bọ́ọ̀lù tiyín náà, kí ẹ fi máká kọ orúkọ sí i lára ní ibi méjì, kí ẹ sì fojú sí ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo wà níbẹ̀ kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù mi ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé tèmi ni.